Igi ńlá wà lẹ́yìn ilé tí mo fẹ́ rà, ṣé kí n gé e ni àbí kí n sá?

Onílé_Lọ́la:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo rí ilé kan tó wù mí gan-an, èmi àti ìyàwó mi ti lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, owó ẹ̀ ò sì ju agbára wa lọ, ohun kan ṣoṣo tó ń kọ mí lóminú ni igi ńlá kan tó wà lẹ́yìn ilé, lápá ibi ìdáná. Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, kò ju ìṣísẹ̀ márùn-ún sí ògiri, ó ga ju òrùlé lọ, tí èèyàn méjì bá sì dì mọ́ ìdí ẹ̀ bóyá lọwọ́ wọn á kanra. Ejẹ́ńtì ní kí n fọkàn balẹ̀, pé igi yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé rárá, pé tó bá fẹ́ ṣe nǹkan ì bá ti ṣe é. Ìyàwó mi ní tòun, ibòji ẹ̀ lòun ń rà. Èmi ṣá rí i pé ògiri là díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ojú ibẹ̀ lọ́dà. Ṣé kí n rà á kí n gé igi yẹn lọ́jọ́ tí mo bá gba kọ́kọ́rọ́ àbí kí n wá ibòmíì lọ?

Jagun_2:
Ẹ gé e dànù jàre! Wọ́n ní òkèèrè la ti ń wo igi gogoro, tiyín ti wọnú ojú tán. Ìjì já ẹ̀ka kan lé mọ́tò mi lórí lọ́dún tó kọjá, gíláàsì iwájú di ìyẹ̀fun. Àtìgbà yẹn mi ò gba igi láyè mọ́.

Bàbá_Bíríkì:
Jagun ẹ pẹ̀lẹ́ o, ṣùgbọ́n Onílé ẹ má tíì gbé àáké. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mò ń ṣe, ilẹ̀ ni màá kọ́kọ́ bi yín, irú ilẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Tó bá jẹ́ iyanrìn, ẹ̀rù ò fi bẹ́ẹ̀ bà mí. Tó bá jẹ́ amọ̀ ńkọ́? Amọ̀ máa ń wú tó bá mumi, ó sì máa ń súnkì tó bá gbẹ, igi ńlá á wá máa fa omi inú ẹ̀ mu nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ á súnkì, apá ibẹ̀ nínú ilé á rì, ògiri á là. Ìyẹn lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Èyí tí wọn ò mọ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá gé igi yẹn, kò ní sóhun tó ń fa omi yẹn mu mọ́, amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú padà díẹ̀díẹ̀, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, á wá máa ti ìpìlẹ̀ sókè. Ibi tí èyí sì ti burú jù ni ibi tí igi ti wà ṣáájú ilé, torí orí ilẹ̀ tí igi ti fà gbẹ ni wọ́n kọ́lé lé. Ọ̀rọ̀ tí ejẹ́ńtì fi ń rẹ̀ yín lẹ́kún yẹn, òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ògiri tó là, ẹ lọ wò ó dáadáa. Tó bá rí bí irun orí lásán, pílásítà ni. Tó bá dagun láti igun fèrèsé, tó fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, pàápàá tó bá ti fẹ̀ ju mílímítà 5, ẹ pe ẹnjiníà kẹ́ ẹ tó sanwó kankan. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn apá ibẹ̀ náà wò bóyá ó ń há.

Ìyá_Ọlọ́gbà:
Kò sẹ́ni tó sọ ti páìpù! Nílé tá a rà, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í lọ, a fọ̀ ọ́ títí ó sú wa. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, nǹkan tí wọ́n fà jáde nínú páìpù gùn jù mí lọ, ó rí bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa mọ̀ o, torí a rí i pé wọ́n ti gbẹ́ ojú ibẹ̀ rí. Gbòǹgbò kì í sábà fọ́ páìpù tó dáa, ibi tó bá ti ń jò ló ń gbà wọlé. Ẹ ní kí wọ́n ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó rà. Ẹ bi lọ́yà yín náà bóyá inú ilẹ̀ yín nigi yẹn wà lóòótọ́, ibòmíì wà tó jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé igi.

Ewé_Tútù:
Igi ni mò ń tọ́jú ní tèmi. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò kì í jìn, kì í sábà ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣe ló ń tàn lọ gbọọrọ kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun gé gbòǹgbò apá ilé, ẹ lé e, ohun tó di igi yẹn mú ló fẹ́ gé. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí, èyí tó máa hù padà á pọ̀, kò ní lágbára. Ẹ wo ìdí ẹ̀ ná, ṣé ihò wà, ṣé olú hù níbẹ̀, ṣé ilẹ̀ ga sókè lápá kan?

Onílé_Lọ́la:
Ẹ ṣé gan-an ni. A padà lọ láàárọ̀ àná. Mo fi èékánná họ ọ̀dà yẹn, ó ré bẹ̀ẹ́, ẹnu káàdì báńkì mi wọlé síbẹ̀ láìjanpata, ó sì dagun lóòótọ́. Ilẹ̀kùn ibi ìdáná, àfi kí n fi èjìká tì í. Mo ti sọ fún ejẹ́ńtì pé mi ò san nǹkan kan títí ẹnjiníà á fi gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn wò lọ́jọ́bọ̀, ojú ẹ̀ korò. Ewé Tútù, ìyàwó mi rí olú kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ ìdí ẹ̀, ó le bíi pákó, kò ṣeé ká. Ṣé ìyẹn burú?

Ewé_Tútù:
Ó lè burú o. Inú igi lè ti máa jẹrà. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ fún mi, lókè àti lábẹ́.