Sled onítáyà wo ni kí n rà fún jíìmù ilé?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Houston ni mò ń gbé, gáréèjì ni mo sọ di jíìmù, mo fẹ́ ra sled onítáyà, ìyẹn irinṣẹ́ eré ìmárale tí wọ́n máa ń tì yẹn, torí orúnkún mi ò gba eré sísá mọ́. Onírin tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, háà, ó ha sìmẹ́ńtì iwájú ilé wa bí ẹni fi ìṣó fà á, ariwo ẹ̀ tún jí ọmọ tó ń sùn. Mo ti ń wo Torque TANK M1 tó ń lo mágnẹ́ẹ̀tì àti XPO Trainer, wọ́n ní béèyàn bá ṣe sáré tì í tó ló ṣe máa le tó, ìyẹn wù mí gan-an, àmọ́ tá a bá rọra ń tì í ńkọ́, ṣó ṣì máa le àbí àfi ká di irin lé e? Iwájú ilé wa ò ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ, ẹni tó bá ti lò wọ́n, èwo ló rọrùn láti yí padà níbi tí ò fẹ̀?