Ẹ gbà mí o: ibo ni mo ti lè rí òjé àlòkù olówó pọ́ọ́kú ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)?

Ọmọ Àjàṣẹ́ (ọjọ́ Ajé, alẹ́)
Ẹ kú alẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ dákun ẹ gbà mí, mo ń wá òjé àlòkù bíi kílò 10, kó má wọ́n, kí n sì rí i kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta torí ọjọ́ Àìkú là ń lọ. Ẹni tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ti kó lọ sí Parakou. Mo dé ọjà Wàǹdó lánàá, gbogbo àwọn tí mo bi ń wò mí bí ẹni tó wá ra wúrà, ẹnì kan tiẹ̀ ní 1500 sẹ́fà lórí kílò kan. Owó ọwọ́ mi ò tó ìyẹn rárá. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Rásákì Ajórin
Òjé fún kí ni? Ibo lẹ ń lọ lọ́jọ́ Àìkú? Ọ̀rọ̀ ò tíì délẹ̀ o.

Sáníì Kétu
Òjé ò sí lọ́wọ́ mi ṣùgbọ́n mo ní alumíníọ̀mù dáadáa níbí ní Kétu, ara ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni, kò ní páànù nínú. Àwọn tó ń rọ ìkòkò ń wá rà á lọ́wọ́ mi. Bó o bá fẹ́, mo lè dì í sínú mọ́tò fún ẹ lọ́la.

Adé Ṣábẹ
Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan òrìṣà lọ́jà ni kó o lọ, ẹ̀gbà ọwọ́ òjé àwọn olóòṣà Ọbàtálá wà níbẹ̀, òjé gidi ni.

Rásákì Ajórin
Adé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta ìyẹn, iye ẹ̀gbà mélòó ni yóò pé kílò 10? Olówó pọ́ọ́kú ni ọmọkùnrin yìí wí.

Bàbá Onítáyà
Ọ̀dọ̀ àwa tá à ń lẹ táyà ni kó o lọ, fi ọjà sílẹ̀. Òjé kéékèèké tí wọ́n ń há mọ́ etí ríìmù kí táyà mọ́tò má baà máa gbọ̀n bó bá ń sáré, bá a bá ti tú táyà a máa ń yọ ọ́ sọ sínú agolo, tí agolo bá kún tán a ò mọ ohun tá a máa fi ṣe. Sọ fún wọn lédè Faransé pé plomb lò ń wá, torí bó o bá pè é ní òjé àwọn ọmọ iṣẹ́ mìíràn ò ní mọ̀ ọ́n. Ra nǹkan mímu tútù dání fún wọn, ìyẹn máa ń ṣiṣẹ́ ju kéèyàn máa ná ọjà lọ. Ọ̀nà tó lọ sí Àjàrá ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, yà lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó bá so táyà kọ́.
Ṣùgbọ́n ṣọ́ra, gbogbo ẹ̀ kọ́ ni òjé mọ́ o. Láti oṣù keje 2005 ni Yúróòpù ò ti gbà kí wọ́n fi òjé sí ríìmù mọ́tò tuntun, mọ́tò àlòkù ibẹ̀ ló sì ń wọlé ní èbúté Kútọnù, torí náà irin àti síńkì ti dà pọ̀ mọ́ ọn nínú agolo. Wo ara ẹ̀, wọ́n máa ń kọ ọ́: Pb ni òjé, Zn ni síńkì, Fe ni irin. Èyí tí kò bá ní àkọlé, fi ẹ̀mú gé e létí. Òjé máa ń gba ẹ̀mú bí ọṣẹ, síńkì á yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Tó o bá sì fi òjé fa ìlà lórí ìwé funfun á kọ eérú bíi pẹ́ńsù.

Rásákì Ajórin
Ohun tí bàbá yìí sọ nípa síńkì yẹn, ẹ mú un ní ọ̀rọ̀ gidi. Mo ti yọ́ ọ pọ̀ rí láìmọ̀, gbogbo òjé inú ìkòkò ṣe kókó bí ògì tí wọn ò rò dáadáa, kò wọ inú ihò tí mo ń dà á sí mọ́, mo da gbogbo ẹ̀ nù. Òjé ń yọ́ bí ooru bá dé 327 lórí ìwọ̀n Celsius, síńkì di 419 kó tó yọ́. Bí iná ẹ ò bá pọ̀ jù, síńkì á léfòó sókè pẹ̀lú irin tí wọ́n fi há a mọ́ ríìmù, wàá fi ṣíbí àtijọ́ bu gbogbo ẹ̀ kúrò pẹ̀lú ìdàrọ́, ìyẹn ìdọ̀tí tó ń léfòó lórí òjé tó ti yọ́. Má kánjú koná sí i.

Tóyìn Mẹkáníìkì
Kí lẹ tún ń gé kéékèèké kiri sí. Bátìrì mọ́tò tó ti kú! Fọ́ méjì péré, o ti ní kílò 10, ó tún máa ṣẹ́kù. Mo mọ ibi tí wọ́n kó wọn jọ sí lójú ọ̀nà Ìgólò, bí ẹni ń sọ ọ́ nù ni wọ́n ń tà á.

Ìyá Ìbejì Pòbẹ́
Tóyìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọ́ bátìrì kankan nílé yín.
Àbúrò ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nínú ọgbà wa lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń fi àáké la bátìrì, ó ń da omi inú ẹ̀ sídìí ìbẹ́pẹ, ìbẹ́pẹ yẹn kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a ò fi ṣe nǹkan kan. Ó ń gbọn àwọn pátákó inú ẹ̀ jáde, eruku eérú ń bọ́ sórí iyanrìn, ó ń yọ́ ọ lórí èédú, èéfín ẹ̀ ń wọ yàrá. Owó ń wọlé, inú gbogbo wa ń dùn.
Ọmọ mi ọkùnrin, Kẹ́hìndé, kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà yẹn, inú iyanrìn yẹn ló ń jókòó ṣeré láti àárọ̀. Ọmọ tó ti sọ gbogbo adìẹ ilé lórúkọ, tó ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan bó bá fẹ́ da àgbàdo fún wọn. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, kò lè yàgbẹ́, ó ń bì. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n tọ́jú ibà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní aràn ni, a fún un lóògùn aràn. Ó wá ń funfun lójú, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbé adìẹ wá síwájú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ní kí lorúkọ eléyìí, ó kàn ń wò mí ni.
Nọ́ọ̀sì kan ló gbà wá. Kò bi mí léèrè ohun tó jẹ, ó ní iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe nínú ọgbà yín. Nígbà tí mo dárúkọ bátìrì, ó gbé gègé sílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, òjé ló wà nínú ẹ̀jẹ̀. Táyé náà ní i, tiẹ̀ kéré díẹ̀ torí òun kì í jẹ iyanrìn.
A ti ha ilẹ̀ ọgbà yẹn, a kó erùpẹ̀ ẹ̀ jáde, a da símẹ́ńtì lé e. Kẹ́hìndé ti ń sọ̀rọ̀ padà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Táyé kọ́ lẹ́ẹ̀kan níléèwé, Kẹ́hìndé á kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó yé e. Ìbejì ni wọ́n o, ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn.

Adé Ṣábẹ
Ah, màmá, ẹ kú ìrójú. Olúwa á wo ọmọ náà sàn pátápátá.

Rásákì Ajórin
Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ màmá. Ọkàn mi kò lélẹ̀ bí mo ṣe kà á, ẹ̀yìn ilé mi gan-an ni mo ti ń yọ́ tèmi.

Tóyìn Mẹkáníìkì
Màmá ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Aláwọ̀n
Mo kẹ́dùn pẹ̀lú ìyá ìbejì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ba ọmọ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi yọ́ òjé ẹsẹ̀ àwọ̀n, èyí tó ń mú àwọ̀n rì, títí tó fi dàgbà, ẹnu ló fi ń di òjé mú bó bá ń so ó mọ́ okùn, ó ju ọgọ́rin ọdún lọ kó tó kú. Àwa ọmọ ẹ̀ tá a yí iná ká náà rèé.

Fátímọ̀ Nọ́ọ̀sì
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ sọ nípa ẹnu yẹn ni kò dáa, kí ẹnikẹ́ni má fi òjé sẹ́nu o. Pé ẹnì kan jẹ májèlé tí kò kú, ìyẹn ò sọ ọ́ di oúnjẹ. Ara ọmọdé ń fa òjé mu ju ti àgbàlagbà lọ, inú egungun ló ń sá pamọ́ sí, ọ̀pọ̀ ọdún ló ń lò níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n kankan tí a lè ní kò léwu nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Ọ̀rọ̀ màmá yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní Thiaroye-sur-Mer létí Dakar, láàárín oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008, ọmọ 18 ló kú ní àdúgbò kan ṣoṣo, òjé bátìrì ni wọ́n ń sẹ́ nínú iyanrìn. Ní Zamfara lọ́hùn-ún ní 2010, ọmọ tó lé ní 400 ló kú, òkúta wúrà tó ní òjé nínú ni wọ́n ń lọ̀ nínú ilé.

Bàbá Aláwọ̀n
Èmi ò ní kó fọ́ bátìrì. Òjé tó ti jẹ́ òjé tẹ́lẹ̀ ni mo ń wí, kì í ṣe eruku. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ra wọn. Bí kò bá sí òjé lẹ́sẹ̀ àwọ̀n, kí la fẹ́ fi pẹja?

Fátímọ̀ Nọ́ọ̀sì
Òótọ́ ni, wọn ò rí bákan náà, mo gbà. Eruku bátìrì ló burú jù. Ṣùgbọ́n ìdàrọ́ tí ẹ ń bu kúrò lórí òjé náà, eruku ni, ibo lẹ ń dà á sí?

Bàbá Aláwọ̀n
Mo ti máa ń dà á sínú ọ̀sà tẹ́lẹ̀. Mi ò ní purọ́.

Àlàbá Tokpota
Ẹni tó bèèrè dà? Gbogbo wa ń jà, kò tíì sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àmọ̀ràn tèmi, ẹ má gba òjé ara wáyà tẹlifóònù àtijọ́ tí wọ́n bá gbé e wá bá yín, ọlọ́pàá ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán)
Ẹ má bínú, ibi iṣẹ́ ni mo wà. Òjé ẹsẹ̀ àwọ̀n jíjù ni. Mo máa ń dà á fúnra mi lópin ọ̀sẹ̀, mo ti gbẹ́ igi méjì tí mo ń dà á sí, kì í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ mi, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń gbé ọkọ̀ lọ sí Aguégués, àwọn abúlé orí omi, lọ́jọ́ Àìkú, àwọ̀n mi tuntun ò tíì ní ẹsẹ̀. Màmá, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní fọwọ́ kan bátìrì.

Bàbá Aláwọ̀n
Ṣé ẹ rí i. Bó bá jẹ́ ti àwọ̀n ni, kò tiẹ̀ nílò iná. Wá òjé pẹlẹbẹ, gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, fi òòlù ká a mọ́ okùn. Ó ń dúró dáadáa.

Rásákì Ajórin
Èyí ló dáa jù. Kò sí èéfín, kò sí ìdàrọ́.

Bàbá Onítáyà
Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní àdúgbò Djègan-Kpèvi, ó ní agolo méjì wà nílẹ̀, kí ẹni yẹn wá ní ọ̀la.

Sáníì Kétu
Alumíníọ̀mù yẹn ṣì wà o.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (ọjọ́bọ̀, alẹ́)
Ẹ ṣeun gbogbo yín, mo ti rí i. Bàbá Onítáyà ẹ má bínú, mi ò dé Djègan-Kpèvi. Lánàá mo sọ̀kalẹ̀ sí etí ọ̀sà, mo bá apẹja kan tó ń tú àwọ̀n tó ti gbó, òun fẹ́ lo okùn ẹ̀, ó ní òjé yẹn ti wúwo jù fún àwọ̀n tuntun òun. Mo wọ̀n ọ́n, kílò 6 àti àbọ̀, 3000 sẹ́fà ni mo san fún gbogbo ẹ̀. Kò pé 10, n ó jẹ́ kí àwọ̀n kéré. Òjé pẹlẹbẹ tí bàbá wí, n ò rí rà, mo sì fẹ́ lo igi tí mo gbẹ́, n ó yọ́ ọ lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ilé.

Rásákì Ajórin
Òjé inú omi lo rà yẹn, gbọ́ mi dáadáa. Ihò tí okùn gbà kọjá nínú ẹ̀, omi àti ẹrẹ̀ wà níbẹ̀. Fọ̀ ọ́, sá a sóòrùn gbogbo ọjọ́. Inú ìkòkò tútù ni kó o kó gbogbo ẹ̀ sí kó o tó dáná. Má ṣe ju ọ̀kan tó tutù sínú èyí tó ti yọ́, ẹ̀kán omi kan ṣoṣo á ta òjé gbígbóná sókè sí ẹ lójú. Bó bá sì ṣú òjò, dúró.

Fátímọ̀ Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀yìn ilé? Gbogbo ohun tá a sọ ńkọ́? Ó kéré tán, kí ìkòkò yẹn má padà sí ilé ìdáná láé, dúró kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn ẹ wá, bo imú, má jẹun má mu sìgá nídìí ẹ̀. Ìdàrọ́, dà á sínú agolo tó ní ìdérí. Wẹ̀ kó o tó gbé ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì Pòbẹ́
Àwọn ọmọ ńkọ́ lọ́jọ́ Ẹtì yẹn?

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ìyàwó mi ti kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ṣakẹ́tẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ òní, ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó máa dé. Mo ra tapólì ńlá tí n ó tẹ́ sábẹ́ ìdáná kí nǹkan kan má bọ́ sílẹ̀, aṣọ tí mo bá wọ̀ á wọ inú ike lọ́tọ̀ kí n tó wọlé.

Ìyá Ìbejì Pòbẹ́
Tó o bá ká tapólì yẹn, má gbọ̀n ọ́n. Omi ni kó o fi fọ̀ ọ́, inú ike sì ni kó o da omi náà sí.