Módẹ́ẹ̀mù mẹ́jọ lára kọ̀ǹpútà Unix kan: ẹni tó pè tẹ̀lé ń bọ́ sínú iṣẹ́ ẹlòmíì

Ọmọ Dùgbẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀ nígbà kan, wọ́n máa ń tún fóònù ṣe níbẹ̀. Nígbà tá à ń kó ẹrù wọn lóṣù tó kọjá, mo bá módẹ́ẹ̀mù mẹ́jọ nínú páálí, àwọn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà fóònù, oní-33.6 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni gbogbo wọn, pẹ̀lú PABX kan, àpótí tó ń pín ìpè fóònù láàárín ilé, tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo kó wọn wá sí Mọ́kọ́lá, mo so mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ kọ̀ǹpútà Linux kan (ìran Unix). Mo fẹ́ káwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ máa pè wọlé láti yàrá kejì, kí wọ́n fojú ara wọn rí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń pín ẹ̀rọ kan lò láyé ọjọ́un.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ráyè wọlé. Ẹni kejì tó bá pe nọ́ńbà yẹn, ohùn pé láìnì ò ṣófo ló ń gbọ́. Èyí tó já mi láyà ni tàná: ọmọ kan já fóònù láì jáde, ẹni tó pè tẹ̀lé e sì bára ẹ̀ nínú iṣẹ́ ọmọ yẹn, kò tẹ password kankan. Èmi ni mo jó wáyà tó so módẹ́ẹ̀mù mọ́ kọ̀ǹpútà fúnra mi, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré: 2 àti 3 tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá, àti ilẹ̀. Agetty, ètò tó ń gbé "login:" síwájú ẹni tó pè, ni mo lò pẹ̀lú -L, torí láìsí -L kò dáhùn rárá.

Oní-PABX Ìwó Road
Àbúrò, ti nọ́ńbà kò le. Wọ inú ètò PABX yẹn, wá ibi tí wọ́n pè ní hunt group, kó láìnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ síbẹ̀ lábẹ́ nọ́ńbà kan. Tọ́wọ́ láìnì 201 bá dí, ìpè á sún sí 202. Bí módẹ́ẹ̀mù àwọn ọmọ ò bá dá dial tone PABX mọ̀, ìyẹn ohùn pé láìnì ti ṣe tán, kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ àṣẹ ATX3, kó má dúró de ohùn yẹn.

Àgbà Wáyà, Òkè-Àdó
Ọmọ mi, o káre. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi ní 1997, ní ọ́fíìsì kan tí mo ti ń tọ́jú láìnì mẹ́rin. Akọ̀wé kan ń ka lẹ́tà ọ̀gá, láìnì já, ẹni tó pè wọlé lẹ́yìn ẹ̀ sì ka lẹ́tà náà parí. Oorun ò kùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Gé wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn dànù. DCD ni módẹ́ẹ̀mù fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé èèyàn wà lórí láìnì: ẹsẹ̀ 8 lára ihò ẹlẹ́sẹ̀ 25, ẹsẹ̀ 1 lára ẹlẹ́sẹ̀ 9. DTR ni kọ̀ǹpútà fi ń pàṣẹ fún un pé kó gbé ìpè kalẹ̀: ẹsẹ̀ 20 lọ́dọ̀ módẹ́ẹ̀mù, ẹsẹ̀ 4 lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Méjèèjì ò sí nínú tìrẹ. Ọmọ yẹn lọ, Unix ò mọ̀, shell ẹ̀, ibi tó ti ń tẹ àṣẹ, wà níbẹ̀ gbalasa. -L tó o fi sí i ló ní kí agetty má wo DCD rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ra wáyà módẹ́ẹ̀mù tó pé ẹsẹ̀, kí RTS àti CTS, tí wọ́n fi ń sọ fún ara wọn pé kó dúró díẹ̀, náà wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ á máa já lójú ọ̀nà. Tẹ AT&F&C1&D2S0=0&W sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí DCD máa sọ òtítọ́, kó gbọ́ràn sí DTR, kó má sì dá gbé ìpè. Kó o wá fi mgetty tí Gert Doering ará Jámánì kọ rọ́pò agetty. Òun fúnra ẹ̀ ló ń gbọ́ RING (ìpè ń dún), tó ń rán ATA (gbé ìpè). Bí kọ̀ǹpútà bá kú, módẹ́ẹ̀mù ò ní dá gbé ìpè tí kò sẹ́ni tó máa dáhùn ẹ̀.

Ọmọ Dùgbẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. USB ni mo fi ní ihò mẹ́jọ. Tíná bá lọ tó dé, ihò tó ń jẹ́ ttyUSB2 á ti di ttyUSB5. Módẹ́ẹ̀mù 204 náà sì ti kú.

Àgbà Wáyà, Òkè-Àdó
Orúkọ tó wà nínú /dev/serial/by-path ni kó o lò, ìyẹn ń tẹ̀ lé ihò tó o ki wáyà bọ̀. Yọ 204 kúrò nínú hunt group lónìí. PABX rò pé ó ṣófo ni, ẹni tó bá bọ́ sórí ẹ̀ á kàn máa gbọ́ kó máa dún, nígbà tí 205 wà lálàáfíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Èyí tó bá ń ṣe ségesège àmọ́ tó ṣì ń gbọ́ àṣẹ, ATH1 á mú kó dà bíi pé ọwọ́ ẹ̀ dí.

Ọmọ Dùgbẹ̀
Mo ti yọ 204. Àwọn ọmọ méje pè wọlé lálẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí ọ̀kan fa wáyà fóònù yọ láàárín iṣẹ́. Ẹni tó pè tẹ̀lé e bọ́ sórí láìnì yẹn gan-an, "login:" ló sì rí.