Wọ́n ní ìwé àyẹ̀wò ti tó, ká má lo kọ́ńdọ̀mù. Kí ni kí n béèrè?

Ọmọ Ọ̀wé, Kábà:
Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Wọ́n pè mí sí iṣẹ́ fíìmù àgbàlagbà ní Los Angeles. Wọ́n ní bí ìwé àyẹ̀wò èmi àti ẹni tá a jọ máa ṣeré bá ti dáa, kọ́ńdọ̀mù ò pọn dandan. Ìwé tiẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èmi náà ni wọ́n ní kí n sanwó àyẹ̀wò mi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá ìwàásù. Kí ni kí n béèrè, kí sì ni kí n kọ̀?

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú:
Àbúrò mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti pẹ́ jù. Ọjọ́ 14 síra ni àwọn òṣèré ibẹ̀ máa ń ṣe àyẹ̀wò, ìyẹn pàápàá kì í ṣe odi. HIV máa ń fara pamọ́ lẹ́yìn tó bá wọ ara. Àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò náà gan-an lè rí i láàárín ọjọ́ 10 sí 33. Èyí tí láàbù ń fi ẹ̀jẹ̀ iṣan ṣe láti wá antigen (ẹ̀yà kòkòrò náà) àti antibody (ohun tí ara ń ṣe láti bá a jà) ń gba ọjọ́ 18 sí 45. Èyí tó ń wá antibody nìkan, bí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gún lórí ìka, lè gba ọjọ́ 23 sí 90. Béèrè irú èyí tí wọ́n ṣe àti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Bí onítọ̀hún bá bá ẹlòmíì lò lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ìwé náà ò lè sọ fún ọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí ni pé àtọ̀sí àti chlamydia (àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn) lè wà ní ọ̀fun tàbí ihò ìdí láìsí ìrora kankan, àyẹ̀wò ìtọ̀ ò sì ní rí i. Òwú ni wọ́n fi ń nu ibẹ̀ lọ sí láàbù. Syphilis, àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn, lè tó ọjọ́ 90 kó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Gba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B) náà: ọ̀kan lónìí, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta ní oṣù kẹfà.

Ìyá Mọ́pà:
Ọmọ mi, tó bá jẹ́ tèmi ni, o ò ní lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ, má gbà láìsí kọ́ńdọ̀mù.

Bàbá Kẹ́místì, Ìyàrà:
Má fi òrí, àdín tàbí Vaseline kan kọ́ńdọ̀mù latex o! Òróró ń jẹ rọ́bà náà, kì í pẹ́ tó fi máa ya. Jẹ́ẹ̀lì olómi tàbí ti silicone ni kí o lò, kí o sì máa fi kún un, torí iná kámẹ́rà ń gbóná, iṣẹ́ ń pẹ́, jẹ́ẹ̀lì á gbẹ, ibẹ̀ ló ti ń bẹ́. Pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dúró tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, àti kí wọ́n tó kúrò ní ihò ìdí bọ́ sí ojú ara. Má jẹ́ kí wọ́n wọ méjì léra, wọ́n á máa ha ara wọn. Kí o tó ya ọ̀rá rẹ̀, wo ọjọ́ tó máa kú, fi ìka tẹ̀ ẹ́: bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò bá ti ìka rẹ padà, ó ti jò, sọ ọ́ nù.

Ẹ̀gbọ́n Lọ́kọ́ja:
Ẹni tó máa jèrè fíìmù ló yẹ kó sanwó àyẹ̀wò, ó dá mi lójú. Ní 2012, àwọn olùdìbò Los Angeles County fọwọ́ sí Measure B tó sọ kọ́ńdọ̀mù di dandan fún irú fíìmù yìí. Lóòótọ́, àwọn olùdìbò California dìbò tako Proposition 60 tó fẹ́ fi irú òfin bẹ́ẹ̀ de gbogbo ìpínlẹ̀ náà ní 2016, ṣùgbọ́n òfin ààbò ibi iṣẹ́ níbẹ̀ ṣì ka ẹ̀jẹ̀ àti omi ara sí ewu tí agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àdéhùn wà lákọsílẹ̀ kí o tó wọ ọkọ̀ òfuurufú: iye owó, ẹni tí ẹ jọ máa ṣe, ohun tí ẹ máa ṣe àtèyí tí o ò ní ṣe, kọ́ńdọ̀mù, àti pé o lè sọ pé "ó tó" lọ́jọ́ iṣẹ́ láìjẹ gbèsè. Kí wọ́n má gbé èsì rẹ kiri orí WhatsApp. Bí wọ́n bá ní àwọn máa tọ́jú páásípọ́ọ̀tù rẹ, tàbí pé o máa fi iṣẹ́ san gbèsè tíkẹ́ẹ̀tì, òwò ẹrú nìyẹn. NAPTIP, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń gbógun ti òwò ẹrú, ni kí o lọ bá.

Ọmọ Ọ̀wé, Kábà:
Ẹ ṣé gan-an. Bí kọ́ńdọ̀mù bá bẹ́ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìsánlú:
Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn PEP, tó ń dènà HIV lẹ́yìn tí ewu bá ti ṣẹlẹ̀, ni wọ́n máa fún ọ, ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bó bá ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Ọjọ́ 28 ni wọ́n ń lò ó, má fo ọjọ́ kan. PrEP ni èyí tí wọ́n ń lò láti dènà HIV kí ewu tó dé: hóró kan lójoojúmọ́, nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ó tó dáàbò bo ojú ara obìnrin dáadáa. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ HIV, kíndìnrín àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B rẹ wò. Kò dá àtọ̀sí tàbí oyún dúró o, nítorí náà kọ́ńdọ̀mù ṣì wà níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú ìrìn àjò, kí o sì gbé oògùn tó máa tó ọ dání.