Conductivity omi: "ìgbanáláyè" ni tèmi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wa níbi ọ̀rọ̀ yìí: àbúrò wa kan tó ń yẹ omi odò Àlà wò ní Àkúrẹ́ ló bèèrè ohun tí òun lè pe conductivity, ìyẹn bí omi ṣe ń jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá tó, nínú ìròyìn tó fẹ́ kọ fún àwọn ará àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká pè é ní "ìwọ̀n ìdọ̀tí omi". Ẹlòmíì mú "ìgbéná" wá. Ẹnì kẹta ní ká kúkú kọ ọ́ bí Òyìnbó ṣe ń pè é, kí kálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, "ìwọ̀n ìdọ̀tí" ò bá a mu rárá. Ohun tí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tì bọ omi láti fi wọ̀n ọ́n ń wò kò ju bí iná mànàmáná ṣe ń rí ọ̀nà gba inú omi kọjá. Iyọ̀, káún, ajílẹ̀ àti irú wọn tó bá ti yọ́ sínú omi ló ń lànà fún iná náà. Ẹ bu iyọ̀ gíráàmù kan sínú lítà kan omi tí kò ní nǹkan kan nínú, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ á fò sókè dé nǹkan bíi 2,000 microsiemens ní sẹ̀ǹtímítà kan (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka conductivity nìyẹn). Ẹ wá da ṣúgà tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá sínú omi mìíràn: ẹ̀rọ ò ní mira. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ń dà sí gọ́tà. Ó lè bo ojú odò kó máa kọ mànà bí òṣùmàrè, kí nọ́ńbà má yí padà. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà lè dí odò pa, ẹ̀rọ ò ní rí i. Kòkòrò onígbáméjì ńkọ́? Òun gan-an ò sí lára ohun tí ẹ̀rọ yìí mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún yí i sí òdìkejì. Omi eérú èèpo kòkó tí àwọn ìyá wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ẹ ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ wò, nọ́ńbà á pọ̀ jọjọ, torí pọ́táṣì kún inú rẹ̀. Ta ló máa dúró níwájú ìyá ọlọ́ṣẹ kó sọ pé ìdọ̀tí nìyẹn? Omi òkun tó ń tó nǹkan bíi 50,000 ńkọ́?

Èyí ò sọ pé nọ́ńbà náà ò wúlò o. Òkúta líle ló wà nísàlẹ̀ Àkúrẹ́, irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè yọ́ sínú omi. Tí nọ́ńbà bá kéré níbi tí odò ti ń wọ ìlú, tó wá pọ̀ níbi tó ti ń jáde, nǹkan kan ti wọlé láàárín méjèèjì. Ẹ̀rọ á ní nǹkan wọlé, kò ní sọ orúkọ nǹkan náà. Òṣùwọ̀n omi mímu tí Nàìjíríà gbé jáde ní 2007 fi 1,000 ṣe òpin, ṣùgbọ́n omi tí kò tó 500 ṣì lè pa ènìyàn.

"Ìgbéná" dára létí. Fóònù ló ń bà mí lẹ́rù. Ojú ẹ̀rọ kékeré yẹn máa ń gbé nọ́ńbà méjì jáde pọ̀: ìgbóná omi àti èyí tí à ń wá orúkọ fún. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù: "igbona", "igbena", lẹ́tà kan ṣoṣo! Bí omi bá sì ṣe ń gbóná sí i ni nọ́ńbà kejì náà ń gòkè, bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ṣírò rẹ̀ sí dígírì 25. Méjì tó gbọ́dọ̀ jókòó ti ara wọn báyìí ò yẹ kó jọra.

Ẹ wo "ìgbanáláyè". Wáyà bàbà ń gba iná láyè, rọ́bà kì í gbà á láyè. Wáyà á jẹ́ agbanáláyè, ti rọ́bà á jẹ́ àìgbanáláyè. "Láyè" ni kí ẹ kọ o, kì í ṣe "láàyè", kí ẹnì kan má lọ rò pé iná náà ń mí. Ẹni tó bá ní ó gùn, "amóhùnmáwòrán" gùn jù ú lọ, ẹnu ò tíì ya ẹnikẹ́ni.

Siemens ní tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà: orúkọ ènìyàn ni, Werner von Siemens ará Jámánì. Kó tó di pé wọ́n fi í sọrí, "mho" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn "ohm" (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó) tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Àwọn náà mọ ẹ̀fẹ̀ í ṣe.

Ti ìdọ̀tí odò fúnra rẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ tuntun. "Ìbàjẹ́ omi" ti wà nílẹ̀. Kí àbúrò wa kọ nọ́ńbà ìgbanáláyè sókè, kó wá kọ ohun tó fojú rí sísàlẹ̀ rẹ̀ ní orúkọ wọn: ọ̀rá, ọ́ìlì, ìgbẹ́.