Tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì Corolla 4A-FE: ṣé ó ṣe é pààrọ̀ nílé?

Ọmọ_Sípánà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Corolla 1995 ni, ẹ́ńjìnnì 4A-FE, 1.6. Omi ràdíétọ̀ ń dín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó ń jò sílẹ̀. Láàárọ̀, èéfín funfun máa ń jáde ní sàlẹ́ǹsà, kì í sì í tètè lọ. Họ́ọ̀sì òkè máa ń le gbagidi kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ọ́ìlì ṣì mọ́, kò tíì dà bí wàrà. Sípánà mi pé, torque wrench (sípánà tó ń wọn agbára tí a fi ń de bóòtù) wà, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ táímíǹgì bẹ́ẹ̀lìtì. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú pé gáskẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù (èyí tó wà láàárín tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, àti búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara rẹ̀) ló jó, kí n tó tú u? Kí ni kí n rà sílẹ̀? Ibo ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́?

Àgbà_Ẹ́ńjìnnì:
Ẹ má tíì tú nǹkan kan. Họ́ọ̀sì tó tètè ń le bẹ́ẹ̀ jọ pé gáàsì iná ń ti inú sìlíńdà wọ inú omi, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò. Kẹ́míkà aláwọ̀ búlúù kan wà fún un. Ẹ ṣí ràdíétọ̀ nígbà tó tutù, ẹ dín omi rẹ̀ kù díẹ̀, ẹ ṣáná, kí ẹ gbé ike kẹ́míkà náà lé ẹnu rẹ̀, kí ẹ máa fa afẹ́fẹ́ orí omi gba inú rẹ̀ kọjá. Bí búlúù bá di yẹ́lò, gáàsì iná wà níbẹ̀. Bí omi ràdíétọ̀ bá lọ wọ inú kẹ́míkà, ẹ dà á nù, kí ẹ fi tuntun ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó mọ́ tónítóní ju àwọn yòókù lọ, bíi pé wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, sìlíńdà tirẹ̀ ló ń mu omi. Ẹ wọn kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n (agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ nínú sìlíńdà) pẹ̀lú: bí sìlíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá jọ lọ sílẹ̀, àárín àwọn méjèèjì ni gáskẹ́ẹ̀tì ti jó.

Kẹ́míkà náà kò lè sọ bóyá gáskẹ́ẹ̀tì ló jó tàbí tọ́ọ̀pù ló sán. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sọ tọ́ọ̀pù kalẹ̀, ẹ gbé e lọ kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ dán an wò nínú omi. Ẹ má fo ìyẹn.

Bóòtù_Mẹ́wàá:
Ohun tí ẹ óò rà: sẹ́ẹ̀tì gáskẹ́ẹ̀tì òkè lódindi (ti fáàfù kọ́fà, ti ìntéèkì àti ti ẹ̀sọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀), bóòtù tọ́ọ̀pù mẹ́wàá, tàmósítáàtì, ìdérí ràdíétọ̀, ọ́ìlì, fílítà, kúláǹtì. Nígbà tí ọ̀nà ti là dé ibẹ̀, ẹ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀lìtì àti wọ́tà pọ́ǹpù náà.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sun mọ́jú kó tutù pátápátá. Ẹ yọ orí négétíìfù bátìrì, ẹ fa omi kúrò, ẹ gbé písítìn kìíní sókè pátápátá, kí ẹ fi ọ̀dà sàmì sí bẹ́ẹ̀lìtì àti àwọn púlì rẹ̀.

Kámṣáfù (ọ̀pá méjì tó ń ṣí fáàfù lórí tọ́ọ̀pù) ló máa ń kó bá àwọn tí kò mọ 4A-FE. Gíà ló so ọ̀pá méjèèjì pọ̀, ọ̀kan nínú gíà náà sì jẹ́ onípele méjì tó ní sípíríǹgì láàárín. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ fi bóòtù M6 kékeré kan de ìpele méjèèjì pọ̀, àìṣe bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì á yí i kúrò láyè rẹ̀. Ẹ tú àwọn ìdè tó de kámṣáfù mọ́ tọ́ọ̀pù díẹ̀díẹ̀, ní ìpele púpọ̀, kí ọ̀pá náà lè gòkè ní títẹ́jú. Bí apá kan bá ga jù, ó lè fọ́ ibi tó jókòó sí lára tọ́ọ̀pù, tọ́ọ̀pù yẹn sì ti tán nìyẹn.

Bóòtù tọ́ọ̀pù mẹ́wàá náà, láti ìpẹ̀kun wá sí àárín ni kí ẹ tú wọn, díẹ̀díẹ̀. Gígùn wọn kò dọ́gba: oríṣi méjì ni, 90 mm àti 108 mm. Ẹ lu ihò sára páálí kan kí ẹ to olúkúlùkù sí ipò rẹ̀. Bí tọ́ọ̀pù bá lẹ̀, ẹ má ki súkúrú-díráífà bọ àárín rẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù. Ojú álúmíníọ̀mù á ha.

Fífọ ojú ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣe jù lọ. Ẹ fi pálẹ́ẹ̀tì oníke àti asítóònù yọ gáskẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ẹ má fi dísìkì sáńpépà tí ń yí lórí dìrílì: ìyẹ̀fun rẹ̀ le ju béárì ẹ́ńjìnnì lọ, yóò bọ́ sínú ọ́ìlì, kò sì ní pẹ́ tí kíráǹkì (ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí àwọn písítìn ń yí) á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan (nọ́ọ̀kì). Ó sì máa ń gbẹ́ kòtò sójú álúmíníọ̀mù.

Ihò bóòtù nínú búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ gbẹ. Omi tàbí ọ́ìlì tó bá kù nísàlẹ̀ kò ní ibi tí yóò sá sí nígbà tí bóòtù bá ń wọlé. Ó lè la búlọ́ọ̀kù, ó sì lè mú kí torque wrench dún kí bóòtù tó fún tọ́ọ̀pù rárá. Ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ jáde, kí ẹ wọ awò ojú.

Ẹ gbé rúlà irin gígún lé ojú tọ́ọ̀pù: gígùn, ìbú, àti láti igun dé igun. Bí irin tín-ín-rín 0.05 mm bá kọjá lábẹ́ rẹ̀ níbikíbi, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá a. Ẹ wọn ti búlọ́ọ̀kù náà.

Dídè bóòtù tọ́ọ̀pù: ọ́ìlì díẹ̀ sí ẹsẹ̀ bóòtù àti abẹ́ orí rẹ̀. Láti àárín lọ sí ìta, ní ìpele díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo wọn á fi dé 29 Nm. Ẹ fi ọ̀dà kán apá iwájú orí bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ yí olúkúlùkù ní 90°, lẹ́yìn náà 90° mìíràn. Bí ẹ bá parí, gbogbo ọ̀dà gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn. Èyí tí kò bá kọjú sẹ́yìn, ẹ ti gbàgbé rẹ̀. Ti ìdè kámṣáfù jẹ́ 13 Nm péré.

Ọmọ_Sípánà:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mi ò lè lo bóòtù àtijọ́? Ṣé kí n fi gọ́ọ̀mù kún gáskẹ́ẹ̀tì?

Ìyá_Gáréèjì:
Bóòtù tí wọ́n ń yí ní dígírì máa ń nà. Èyí tó bá ti gùn ju bó ṣe wà lọ, tàbí tí eyín rẹ̀ ti tín-ín-rín níbì kan, kò ní fún tọ́ọ̀pù mọ́ bó ti yẹ. Ẹ ra tuntun.

Gọ́ọ̀mù kò sí lórí gáskẹ́ẹ̀tì yìí rárá. Ó máa ń tú lọ dí ihò omi àti ti ọ́ìlì. Gbígbẹ ni kí ẹ gbé e lé e, ihò rẹ̀ bá ti búlọ́ọ̀kù mu, àwọn píìnì tó ń tọ́ ọ sọ́nà sì wà ní ipò wọn.

Kí ẹ tó ṣáná, ẹ fi sípánà yí kíráǹkì ní àyíká méjì kíkún, kí ẹ rí i pé àmì ọ̀dà padà bára wọn mu. Fún omi: ẹ ṣí hítà sí gbígbóná, ẹ fi ẹnu ràdíétọ̀ sílẹ̀ láìdé, kí ẹ máa bù kún un títí tàmósítáàtì á fi ṣí tí afẹ́fẹ́ kò ní bú jáde mọ́. Èéfín funfun lè ṣì jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, omi tó ti wọ sàlẹ́ǹsà ló ń gbẹ.

Àti pé kí ló jó èyí àkọ́kọ́? Ẹ wo fáànù ràdíétọ̀ bóyá ó ń tan nígbà tó yẹ. Ẹ fi ọwọ́ kan ojú ràdíétọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ẹ́ńjìnnì gbígbóná, kí fáànù sì ti dúró. Ibi tó bá tutù láàárín èyí tó gbóná ti dí. Bí ẹ bá fi ràdíétọ̀ tó dí sílẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun náà á jó.