Ìgò kan péré, ṣé ó burú? Òfin ọtí fún dírẹ́bà ọkọ̀ ẹgbẹ́, Àbújá sí ilé

Akọ̀wé_Gwarinpa
Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ wa máa ń háyà bọ́ọ̀sì Hummer lọ sílé fún òkú ṣíṣe, ọ̀nà Lókójà sí Kàbà la máa ń gbà. Òde a máa parí lóru Sátidé, a ó sì gbéra padà láàárọ̀ Sọ́ńdè. A fẹ́ kọ òfin tí dírẹ́bà yóò fọwọ́ sí. Àwọn àgbà kan ní kó má ṣáà ti mu ju ìgò kan lọ. Àwọn mìíràn ní bó bá ti sùn, tó mu kọfí, kò séwu. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Yàtọ̀ sí pé ọtí ń fa jàǹbá, ṣé ó tún ń mú kí jàǹbá náà le sí i?

Onílàábù_Kubwa
Ìgò kan yẹn gan-an ni wàhálà. Bíà ńlá jẹ́ 60cl. Tí wọ́n bá kọ 5% sí i lára, ògidì ọtí inú ẹ̀ tó gíráàmù 24. Lára ọkùnrin tó wọn kílò 70 tí kò tíì jẹun, ìyẹn á gbé ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ dé nǹkan bí 0.05, ìyẹn mílígíráàmù 50 ọtí nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òfin Nàìjíríà fà lá sí. Sítáòtù 7.5% ńkọ́? Ìgò kan ti fò ó kọjá. Ọtí inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, mílílítà 30: méjì ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìgò bíà kan. Paraga àti burukutu ò tiẹ̀ ṣeé ṣírò, kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe le tó.

Ní ti oorun, ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ọtí kúrò, nǹkan bí 0.015 ní wákàtí kan, ì báà sùn, ì báà jókòó. Ẹni tó mu ìgò bíà mẹ́ta tán ní agogo 12 òru ṣì lè wà ní 0.06 ní agogo 6 tẹ́ ẹ fẹ́ gbéra. Kọfí, omi tútù, orógbó, kò sí èyí tó ń lé e jáde. Kọfí á kàn la ojú ọ̀mùtí sílẹ̀ ni.

Mẹkáníìkì_Apo
Ìbéèrè kejì ni màá dáhùn. Ó ń mú un le sí i, orí bíréèkì ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní tírélà kan kú sójú ọ̀nà lẹ́yìn Abaji, kò tan iná, kò gbé C-caution. Dírẹ́bà tójú ẹ̀ dá tẹ bíréèkì, ó dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn án. Èyí tó mutí fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré pẹ́: mítà 14 ti lọ. Níbi tí ti àkọ́kọ́ dúró sí, òun ṣì ń sá bí 50, eré yẹn ló máa fi wọ abẹ́ tírélà. Bí kò bá wá tẹ bíréèkì rárá, 100 pípé ni, agbára ẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 50. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ kì í fi í sábà rí àpá táyà lójú títì níbi irú jàǹbá bẹ́ẹ̀.

Ọtí kì í sì í dá wá. Ẹni tó mutí máa ń sáré, kì í so bẹ́líìtì, òru ló sì sábà máa ń wà lójú ọ̀nà. Tó bá jẹ́ tèmi, bẹ́líìtì ẹ̀yìn ni mo máa kọ́kọ́ kọ sínú òfin yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ Hummer, wọ́n ti kì í sábẹ́ aṣọ ìjókòó: ẹ ká aṣọ sókè, ẹ fà á jáde, ẹ já a lójijì kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń há. Ẹni tí kò so ó lẹ́yìn á fò, á fi orí àti eékún fọ́ ẹni iwájú. Àpò gàrí àti iṣu orí ọkọ̀, ẹ kó wọn sílẹ̀. Ẹni tó ń tòògbé máa ń já síárìn tó bá ta jí, ọkọ̀ tí ẹrù wà lórí ẹ̀ á sì dojú dé.

Nọ́ọ̀sì_Gwags
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé ìwòsàn kún un. Ọtí máa ń bo ọgbẹ́ orí mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúruwùru, tó ń sùn, àwọn èèyàn á ní "ẹ fi í sílẹ̀, ọtí ni," nígbà tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dà sínú agbárí. Bí ọmọlójú kan bá tóbi ju èkejì lọ, tàbí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ń jáde létí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọtí. Ó tún máa ń bì. Tó bá nà gbalaja, èébì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn mú kó má yí, ẹ má fún un lómi mu. 122 ni nọ́ńbà FRSC. Tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín Abaji sí Àbújá, ilé ìwòsàn Teaching Gwagwalada ni. Tó bá jẹ́ láàárín Koton Karfe sí Lókójà, Lókójà ni kẹ́ ẹ forí lé.

Akọ̀wé_Gwarinpa
Ẹ ṣeun gan-an. A ti yọ "ìgò kan" kúrò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí láti mọ̀ bóyá èèyàn mutí ńkọ́, ṣé ká ra ọ̀kan?

Onílàábù_Kubwa
Ẹ rà á, àmọ́ èyí tó ń lo fuel cell, ìyẹn irú tó ń fi kẹ́míkà wọn ọtí inú èémí, ni kẹ́ ẹ rà. Àwọn olówó pọ́ọ́kú máa ń purọ́. Kó má fẹ́ ẹ kí ìṣẹ́jú 15 tó kọjá lẹ́yìn tó mu nǹkan tàbí tó fi oògùn fọ ẹnu, torí èyí tó kù lẹ́nu á gbé nọ́ńbà sókè. Ó kéré tán, ẹ máa gbé e lọ tún ìwọ̀n ẹ̀ ṣe lọ́dọọdún. Òwúrọ̀ Sọ́ńdè ni kẹ́ ẹ yẹ dírẹ́bà wò, kí ẹnikẹ́ni tó wọkọ̀, kẹ́ ẹ sì kọ 0.00 sínú òfin. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí dírẹ́bà kejì gba síárìn, àbí kí ọkọ̀ dúró di ọ̀sán.